Ẹni Tó Ń To Àga

Iṣẹ́ mi kò ju kí n to àga lọ.
Gbọ̀ngàn ńlá kan ni, ní Màítámà,
níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń mí bí ẹni tó yó sùn,
tí eruku ọyẹ́ gan-an kò lè wọlé láìní káàdì lọ́rùn.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti fi Ìrágbìjí sílẹ̀.
Àbúrò mi ń sọ fún ará ilé pé èmi àti ìjọba la jọ ń ṣiṣẹ́.
N kò já a nírọ́.
Ẹni tó mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ jókòó ti ẹnìkejì,
kí ló kù tí kò mọ̀ nípa ìjọba?

Ó rọrùn nígbà kan.
Hajiya Kande á fún mi ní ìwé kan ṣoṣo:
àwọn Òyìnbó níhìn-ín, wọ́n fún mọ́ra bí eyín inú ẹnu,
àwọn ará Ṣáínà lọ́hùn-ún, Rọ́ṣíà nídìí fèrèsé,
omi ìgò méjì-méjì, àsíá kéékèèké. Ó parí.
Mo lè fi ojú oorun tò ó.

Lọ́dún yìí, ìwé ń gun ìwé lẹ́yìn.
Aago méje: “Baba Mùkáílà, ẹ ya àwọn méjì yìí nípá,
wọ́n fi owó ibodè na ara wọn lóru àná.”
Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀: “Ẹ dá wọn padà, wọ́n ti parí ìjà.”
Kí n tó nu òógùn ojú mi: “Ẹ dúró ná.”
Eyín ń mì nínú ẹnu, ahọ́n ò mọ ibi tí yóò sá sí.

Mínísítà kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.
Mo ti gbé orúkọ rẹ̀ kalẹ̀, mo ti tún un gbé kó má ṣe wọ́.
Ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ ṣì wà lókè aṣálẹ̀
nígbà tí ìjọba tó rán an níṣẹ́ wó lulẹ̀ nílé.
Ó gúnlẹ̀ sí Àbújá, ó ti di èrò lásán.
Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àpò rẹ̀ fúnra rẹ̀,
ó ń wo àyè tí mo ti gbé àga kúrò.
Mo fún un lómi.
Ó ní, “Na gode,” Hausa tó kọ́ nínú ọkọ̀,
ó sì pè é dáadáa.

Nínú yàrá àwọn ẹ̀ṣọ́, tẹlifíṣọ̀n ń fi wọ́n hàn,
wọ́n ń fọ́ gíláàsì ilé ìgbìmọ̀ ara wọn.
Dántàní tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ní,
“Àwọn tó máa ń wá ṣọ́ wa bí a bá ń ka ìbò,
ta ló ń ṣọ́ tiwọn?”
A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ikùn.
Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Ọba wo? Ẹwà ta ni?
Láti oṣù kejì ni ilé ìwòsàn tí Lárai ìyàwó rẹ̀ ti ń gba oògùn,
ní Kuje, ti wà ní títì pa.
Àsíá tí wọ́n kùn sára ògiri ṣì ń dán.
Ẹnìkan ló buwọ́ lu ìwé kan
ní ìlú tí Lárai kò lè pe orúkọ rẹ̀.

Ó ku àga kan tí n kò tíì sọ.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn ń mì, èmi nìkan ló mọ̀.
A kì í jẹ́ kí àlejò ṣubú,
nítorí náà, ti onílé ni mo máa ń fi í ṣe,
ní àárín gbùngbùn, níwájú àsíá tiwa.

Lóru òní, gbọ̀ngàn ṣófo, ìwé ọ̀la kò tíì dé.
Mo jókòó lé e, mo jẹ máásà tó ti tutù.
Ó mì díẹ̀.
Mo fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀.